Baba Ṣéènì àti Kẹ̀kẹ́ Oníkùn

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Ṣéènì. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Ó ti ń tún un ṣe láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ìyẹn sì ti lé ní ogójì ọdún. Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà nínú ìwé kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó ń wá a lọ síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ilẹ̀kùn onípákó méjì ló ní, ọ̀kan kì í ṣí mọ́ nítorí pé wọ́n ti kó táyà tì í. Àwọn sípánà rẹ̀ so mọ́ ògiri, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ń gbé. Bí ẹnìkan bá yá sípánà tí kò dá a padà, àwòrán ara ògiri á máa wo Baba, Baba náà á máa wò ó, títí ojú á fi ti ẹni tó yá a.

Ṣéènì ló mọ̀ jù. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ láti ìkòríta, kò ní gbójú sókè. Á kàn ní, “Tíṣà ni. Ṣéènì rẹ̀ ti gbẹ.” Tíṣà á sì yọ. Bí àìsàn kẹ̀kẹ́ bá farapamọ́, á fi orí sípánà gígùn kan ti irin kẹ̀kẹ́ náà, á fi ìdí sípánà ti etí, á ní kí wọ́n máa yí pẹ́dàlì. Á di ojú. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ti dáràn.

Òfin kan ló ní. Gbogbo ọmọ tó kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn lójú títì yẹn, òun ló fi òfin náà lé wọn lọ́wọ́, orin ló sì fi kọ wọ́n:

*Ẹsẹ̀ yí, jíà yí.*
*Ẹsẹ̀ dúró, jíà ṣẹ́.*

Òótọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gun níbẹ̀, àwo eléyín bíi mélòó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ńlá àti kékeré. Apá irin kan rọ̀ sísàlẹ̀ níbẹ̀ tó máa ń ti ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sórí òmíràn. Àfi kí ṣéènì máa lọ kó tó lè bọ́ síbòmíràn. Bí ẹsẹ̀ bá dúró tí ọwọ́ sì yí jíà, ṣéènì á há, á kígbe, á já bọ́. Torí náà, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Kò sí àgbàlagbà kan ní àdúgbò yẹn tí kò mọ orin náà, títí kan àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Baba di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sáré, tó ń kọrin. Lọ́jọ́ kẹta, Baba yọwọ́, kò sọ fún un. Ọmọ náà lọ títí dé ìkòríta kó tó mọ̀ pé kò sí ẹnìkan lẹ́yìn òun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ̀fúùfù. Ó ti wá di obìnrin báyìí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀.

Iṣẹ́ Ẹ̀fúùfù nìyí. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ òkè. Lórí òkè náà, ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ kò lè gùn ún. Ojú ọ̀nà náà kún fún òkúta àti gbòǹgbò igi, ibì kan sì wà tí àpáta méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gba ibẹ̀. Láràárọ̀, Ẹ̀fúùfù á di oògùn sínú báàgì, á gun òkè, á máa yà láti ilé dé ilé. Ẹni tí oògùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, á fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, á kán an sí i lójú. Ẹni tí kò ṣàìsàn tó kàn fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú.

Òkè náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Panumọ́, torí pé ẹni tó bá ń gùn ún kì í lè sọ̀rọ̀. Panumọ́ yìí ló ń ba kẹ̀kẹ́ Ẹ̀fúùfù jẹ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á kún eyín àwọn àwo. Bí òkúta bá ta, á gbá apá irin tó rọ̀ sísàlẹ̀ yẹn, á ká a kò. Nínú oṣù kan ṣoṣo, apá náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Baba tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, oògùn òwúrọ̀ di oògùn ìrọ̀lẹ́.

Mátírọ́nù ilé ìwòsàn pè é. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo.

“Ẹ̀fúùfù, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n oògùn tí kò bá dé lásìkò, ọmọ ìyá èyí tí kò dé rárá ni.”

Ó ní òun ti wá kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní apá tí òkúta lè gbá. Ó ní kó fi gun òkè fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí oògùn kò dé ilé àkọ́kọ́ lórí òkè kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, òun á fòpin sí gígun òkè. Wọ́n á máa gbé àwọn àgbà náà sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Ẹ̀fúùfù á sì wá jókòó sẹ́nu fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì.

“Inú ilé?” ni Ẹ̀fúùfù wí.

“Inú ilé. Fáànù wà níbẹ̀.”

Ẹ̀fúùfù jáde. Ó gun kẹ̀kẹ́ tuntun náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Baba wà nídìí iṣẹ́. Kò gbọ́ nǹkankan. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ọmọ rẹ̀ tó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Àkọ́kọ́ rèé láti ogójì ọdún tí kẹ̀kẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí etí rẹ̀ kò ní sọ fún un. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

“Níbo ni ṣéènì rẹ̀ wà?”

“Kò ní ṣéènì, Bàbá. Bẹ́líìtì ni.”

Lóòótọ́, bẹ́líìtì dúdú kan, rọ́bà eléyín, ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn, àwo kékeré kan ṣoṣo. Kò sí apá. Gbogbo jíà ti lọ sínú àpótí irin kan láàárín pẹ́dàlì méjèèjì. Wọ́n dé e pa, wọ́n fi bóòtì tí sípánà ń dè há a yíká, ó yọ síta bí ikùn.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Baba ti fi aṣọ sílẹ̀, ó ti jáde. Kì í pẹ́ kó tó jáde. Ó sanra, ó kéré sí Baba lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ju maṣíìnì rẹ̀ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ yìí lóyún o. Oṣù mélòó ni?”

“Bi ẹni tó fún un lóyún.”

“Kò sì ní ṣéènì. Wọ́n ti rọ̀ yín lóyè nìyẹn. Kí la ó wá máa pè yín? Baba Bẹ́líìtì?”

“Máa pè mí ní ohun tó wù ọ́. Padà sídìí aṣọ aláṣọ.”

Baba yí kẹ̀kẹ́ náà po. Ó kan ikùn rẹ̀, ó ró gbin. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí wá bá a nílé. Ó ní, “Ohun tí a kò bá lè rí inú rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ tún un ṣe?”

“Wọ́n ní kì í bàjẹ́,” ni ọmọ rẹ̀ wí.

“Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á nìyẹn.”

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀fúùfù gbé e lọ sí òkè. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń lọ bí omi. Nígbà tó dé Panumọ́, ó yí ìdìmú ọwọ́ kó lè bọ́ sí jíà tó fúyẹ́. Ìdìmú náà le. Ó fi agbára yí i. Jíà kò sọ̀kalẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, kò gbà, títí kẹ̀kẹ́ fi dúró sójú kan tí ó sì gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ dókè. Agogo mẹ́wàá kọjá kó tó débẹ̀.

Nígbà tó padà wá sọ fún Baba, ká má parọ́, inú Baba kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Ó ṣe é bíi kó sọ pé ṣebí mo wí. Ìgbà náà ló wá rí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Ìdìmú ti bó o. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Gbé e wá.”

Ó so kẹ̀kẹ́ náà rọ̀. Ó fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì, ó yí jíà. Ó wọlé. Ó yí òmíràn. Ó wọlé. Jíà méjèèjìlá, ó lọ, ó bọ̀, kò sí èyí tó kọ̀. Ó fi sípánà ti etí. Ohun tó gbọ́ kò ju bí ológbò tó sùn lọ.

“Kò sí nǹkan tó ṣe é.”

“Bàbá, bí mo bá wà lórí rẹ̀ ló máa ń kọ̀. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ láti wò ó, á ti wọlé.”

“Ó ń tijú rẹ ni?”

“Mi ò mọ̀.”

Ìyá Ẹ̀fúùfù mú ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá. Òun ló kàwé ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èdè inú ìwé náà kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú ilé. Àwòrán nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ya ọwọ́ tó ń yí ìdìmú, wọ́n ya ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, wọ́n fi ìlà pupa ré ẹsẹ̀ náà kọjá.

Baba wò ó dáadáa. “Wọ́n ní kí á má fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gùn ún.”

“Ọwọ́ wá ń ṣe kí ni níbẹ̀?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Ó ń nù ún.”

“Baba Ẹ̀fúùfù, ìdìmú ló ń nù nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló lẹ́rẹ̀?”

“Èmi kọ́ ni mo yà á.”

Bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe parí nìyẹn. Wọ́n ká a, wọ́n fi sábẹ́ tẹ́bù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀fúùfù nu bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gun òkè. Panumọ́ tún dá a dúró. Lọ́sàn-án, Baba fúnra rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó lọ sídìí tàǹkí omi. Ó gùn ún. Ó rọra ń yí ẹsẹ̀ bí òfin ṣe wí, ó yí ìdìmú. Ó le bí òkúta. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí i. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ̀. Baba wo kẹ̀kẹ́ náà, kò bú u. Kì í bú irin. Ṣùgbọ́n ó gbé e sílẹ̀ kíkankíkan ju bó ṣe máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ní kí ọmọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gun òkè. Ó fi wáyà di apá irin rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́. Òun á ṣí ikùn tuntun yẹn lónìí.

“Mátírọ́nù ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí i,” ni Ẹ̀fúùfù wí. “Ó ní bí a bá ṣí i, àwọn tó ṣe é ò ní dá wa lóhùn mọ́.”

“Ṣé wọ́n ti dá wa lóhùn rí?”

Ẹ̀fúùfù lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, Baba ti yan sípánà. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ tí yóò to ohun inú rẹ̀ sí ní ẹsẹẹsẹ. Bóòtì mẹ́jọ ló wà lára àpótí náà. Ó fi sípánà sórí èkíní.

Ó dúró. Ogójì ọdún ló ti ń tú nǹkan, ẹ̀rù kò bà á rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá tú èyí tí kò lè dì í padà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu fèrèsé. Ó yọ sípánà kúrò. Ó fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Òun rí tín-ínrín. Ẹrù ló ń wá. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Télọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Wá gun aboyún.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mo nílò nǹkan wúwo.”

“Ẹ ṣé o. Èébú ti dé ilé mi.”

Ó jáde náà. Ó gun kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Baba lọ dúró sí ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó di ojú, ó tẹ́tí. Télọ̀ ń bọ̀. Ó ń mí hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́. Lójijì, mímí náà rọlẹ̀. Nǹkan kan dún tó kéré ju ìgbà tí ènìyàn bá pa ẹnu dé. Télọ̀ sì ń bọ̀ nìṣó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára, ó tún ti ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ yìí dára o. Mo rò pé ẹ ní ó le?”

Baba la ojú. “Jíà wo lo wà?”

“Mo ṣáà ti yí i. Ó fúyẹ́.”

“Padà sísàlẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún ni.”

“Mo ní padà sísàlẹ̀.”

Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Jíà wọlé. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ráhùn pé òun fi ṣòkòtò oníbàárà sílẹ̀ sórí tẹ́bù. Jíà wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí Baba kò di ojú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pé kí Télọ̀ tó yí ìdìmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹsẹ̀ á dúró, ọwọ́ á yí, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

“Dúró níbẹ̀. Ta ló kọ́ ọ pé kó o dá ẹsẹ̀ dúró kó o tó yí jíà?”

Télọ̀ rò pé wọ́n fẹ́ bá òun wí. “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ orin yín o. *Ẹsẹ̀ dúró, jíà ṣẹ́.* Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe nǹkan méjì pọ̀ mọ́. Maṣíìnì ti bà mí jẹ́. Bí mo bá ń ránṣọ tí mo dé igun, mo máa ń dá ẹsẹ̀ dúró ná, kí n tó yí aṣọ. Ẹni tó bá yí aṣọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń lọ, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́ sí i lọ́wọ́.”

Baba jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò rò ó rí pé ọ̀dọ̀ Télọ̀ ni tòun á ti wá.

Ó ti yé e. Nínú ikùn yẹn, eyín ló di eyín mú. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́, àwọn eyín náà á fún ara wọn mọ́, bí àwọn tó ń fa okùn tí ẹnìkan kò lè pààrọ̀ ọwọ́. Bí ẹsẹ̀ bá dẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ á tú, wọ́n á pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọlé nígbà tó so ó rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọlé nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ré ẹsẹ̀ inú àwòrán kọjá náà nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ kò ní àìsàn. Òfin Baba ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́ òfin náà dáadáa, kò ní lè gùn ún. Ẹni tí kò kọ́ nǹkankan ló gùn ún.

“Télọ̀, o ṣeun.”

“Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkankan. Ìyẹn ló dára.”

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ká aṣọ funfun náà. Ó so sípánà kọ́ sórí àwòrán rẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀fúùfù dé, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ dé orúnkún. Wáyà tí Baba fi di apá ti já. Baba ní kó jókòó.

“Èmi ni mo bà ọ́ jẹ́.”

“Báwo, Bàbá?”

Ó sọ fún un. Ẹ̀fúùfù gbọ́ ọ dé òpin, ó bú sẹ́rìn-ín. “Télọ̀?”

“Télọ̀.”

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́.”

“Ó ti gbọ́. Ó ní ọwọ́ ń nù ún.”

Wọ́n lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdí tàǹkí. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Orí Ẹ̀fúùfù ti gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni orin yẹn ti wà nínú ẹsẹ̀ náà. Á sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ á ti lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá tó gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é.

“Orin yín ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ́, Bàbá.”

Baba ronú. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, kó lọ bá èémí. “Má ronú ẹsẹ̀ rárá. Bó o bá fẹ́ yí i, mí sóde bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí èèyàn bá mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ara ló ń dẹ̀.” Ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ̀lé e gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Kò lè sáré mọ́ bíi ti àtijọ́. Kò kọrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ.

“Mí.”

Ó mí. Jíà wọlé.

“Mí.”

Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ẹ mí o. Ẹ̀yin lẹ máa kú.”

Lọ́jọ́bọ̀, Ẹ̀fúùfù gun Panumọ́. Ibẹ̀ ní ìkọ̀rọ̀ mẹ́ta, níbi tí ọ̀nà ti yí. Ó mí ní àkọ́kọ́, ó mí ní èkejì. Ní ẹ̀kẹta, òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ táyà, ẹ̀rù bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sá padà sínú orin àtijọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ìdìmú le, ó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀. Ó dé òkè ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mátírọ́nù kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀la ló ń dúró dè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Baba jí, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè, ó bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù torí pé orúnkún rẹ̀ kò gba ìkánjú. Ó jókòó sórí àpáta kan ní ìkọ̀rọ̀ kẹta Panumọ́, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ lánàá. Ó ti bojú wo ilẹ̀ kó tó jókòó. Ó ṣa àwọn òkúta kéékèèké kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ńlá, ó fi wọ́n sílẹ̀. Òkè ni òkè á jẹ́.

Ó di ojú. Ó ń dúró de ohun tí kì í dún.

Ó pẹ́ kó tó gbọ́ òkúta tó ń yí lábẹ́ táyà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, èémí. Kò sí ṣéènì, kò sí irin tó ń kọ irin. Èémí náà ń lọ sókè sódò, ó yára, ó sì rọlẹ̀ lójijì. Ẹ̀ẹ̀kan. Táyà ń bọ̀ nìṣó. Èémí tún rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Baba kò mọ̀ pé òun ti gbé èémí tòun mì. Táyà ti dé abẹ́ àpáta tó jókòó lé. Òkúta kan yẹ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe yẹ̀. Ó gbọ́ táyà tó ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀.

Èémí rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó la ojú. Ẹ̀fúùfù ń kọjá níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Baba la ẹnu láti sọ nǹkan.

“Ẹ má sọ̀rọ̀, Bàbá,” ni Ẹ̀fúùfù wí, kò bojú wẹ̀yìn. “Panumọ́ la wà.”

Ó lọ. Baba kù nìkan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he. Kò pẹ́ púpọ̀ tí aago kẹ̀kẹ́ fi dún láti orí òkè, ó dún, ó tún dún, bí ìgbà tí ọmọdé bá kọ́kọ́ ní aago. Baba wo aago ọwọ́ rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, Mátírọ́nù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní gígun òkè kò dúró mọ́, kò sì sí ẹni tí á gbé àwọn àgbà sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mú irú kẹ̀kẹ́ náà méjì sí i wá fún ọ̀nà tó wà ní apá kejì òkè. Ó wo ilẹ̀kùn tí táyà dí, ó wo àwọn àwòrán ara ògiri.

“Baba, ẹnìkan ní láti máa tọ́jú wọn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì inú àpótí yẹn. Bóòtì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tú fún ìyẹn. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ní ká fọwọ́ kàn.”

“Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe ní ọjọ́ tó kù?”

“Ẹ máa kọ́ àwọn tó fẹ́ gùn ún. Ẹ̀fúùfù ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Télọ̀. Ó jáde, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀. Ó yọ ọ́ kó lè sọ̀rọ̀. “Mátírọ́nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́ àwọn.”

Baba kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Télọ̀ ni,” ló wí. “Òun lọ̀gá.”

Télọ̀ kò retí ìyẹn. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu, ó wọlé, ẹnu rẹ̀ sì dákẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìrọ̀lẹ́ náà, Baba ti ilẹ̀kùn tó ṣì ń ṣí. Ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn rẹ̀, ó dojú kọ ilé. Ó dé ibi tí ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀ níwájú ilé tíṣà. Ọkàn rẹ̀ wà lórí òkè, lórí èémí mẹ́ta tó gbọ́ lánàá. Ó mí sóde bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó yí jíà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ṣéènì há, ó kígbe, ó já bọ́.

Tíṣà ń bẹ lójú fèrèsé. “Baba Ṣéènì, kí ló ṣe yín? Ẹsẹ̀ dúró, jíà kí ni?”

“Mo mọ̀,” ni Baba wí.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì gbé ṣéènì, ó dá a padà sórí eyín rẹ̀, ó fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì kó lè gbọ́ bó ṣe ń wọlé. Ó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró mọ́ títí ó fi délé.